Bọ̀dá Másításì

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Costain ní Èkó láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i. Báàgì tí wọ́n pín fún un níbi wọ́kúṣọ́ọ̀pù kan ní Àbújá wà léjìká rẹ̀, fáìlì tí ìwé-ẹ̀rí kún inú rẹ̀ wà lábíyá, káàdì ìdánimọ̀ sì wà lọ́rùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní wákàtí kan tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kọndọ́kítọ̀ ń pariwo: "Sítédíọ̀mù, Báráàkì, Ojúẹlẹ́gbá! Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́ o!" Bọ̀dá Másításì gbá báàgì mọ́ra, ó sáré. Yunifásítì tó wà ní Akọka ló ń lọ, níbi tó ti ń ka másításì rẹ̀ kejì.

Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ti parí ìyẹn. Ètò ìṣàkóso ìlú ló kà, torí wọ́n ní ẹni tó bá kà á ni yóò di ọ̀gá ní NGO tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó fi máa gbàwé, àyè náà ti ń bèèrè ẹni tó ka ìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú. Ó tún gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù o. Kò sí ìkéde iṣẹ́ NGO tí kò ní í sọ nísàlẹ̀ pé ẹni tó bá ní másításì ni àǹfààní yóò kọ́kọ́ tọ́ sí. Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀: bí o kò bá ní i, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Obìnrin tó mọ gbogbo ojúlé tí ọmọ kékeré wà ní àdúgbò, tó ń kó àwọn ìyá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fún un. Ẹni tó bá kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ló ń gba owó oṣù.

Kó tó di Akọka, owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening ló ń fojú sùn. Láti 1983 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi owó yẹn rán ènìyàn lọ kàwé. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni. Tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí ó ka wákàtí tó lò nínú gosíló lórí afárá Èkó mọ́ ọn. Àròkọ mẹ́rin ni wọ́n ní kó kọ. Nínú èyí tó dá lórí aṣáájú, ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò tàn níbi ìpàdé, tó sì rán ọmọdé kan lọ ra epo, di ọjọ́ tó kó gbogbo àwùjọ kan la ìṣòro iná já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ ọ́, wọn ò tíì pè é. Ẹni tó bá jẹ àǹfààní náà gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì, ó kéré tán. Bọ̀dá wa ti ń ro bí yóò ṣe yẹ ìyẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó mú un rárá.

Nílé, ìyàwó ní ata ti tán. Ó dáhùn pé "gap" nìyẹn, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe "needs assessment" kí wọ́n tó mọ ohun tó kàn.

"Bàbá Ìbejì, owó ata ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá."

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní logframe, tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ àti èrè rẹ̀ sínú àpótí-àpótí. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣe é fún USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025, ààrẹ Trump ní kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù keje, USAID gan-an ti kógbá sílé. Tábìlì wá ju ẹni tó ni ín lọ láyé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, òmíràn ń fi mọ́tò ṣe Bolt, òmíràn ń ta adìyẹ. Òun jókòó, ó ronú títí, ó ní ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni pé òun ò tíì ní PhD.

Ẹ jẹ́ n sọ ti iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún yín. Àwọn tí wọ́n lé nílé ní Ìjọra-Bàdíà ló ń kọ̀wé lé lórí. Kókó gidi ni, kò ṣì í mú. Ní 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Tíátà Àpapọ̀ sí Ìgànmú, wọ́n ní kí àwọn ará abúlé Olúwọlé kó kúrò. Àwọn kan nínú wọn ló lọ tẹ̀dó sí Bàdíà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì 2013, katapílà tún lé wọn bá níbẹ̀. Bọ̀dá ti kọ ojú ìwé 87. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ sí Bàdíà. Ó ní òun ń dúró de owó ìwádìí, ó sì ti kọ̀wé béèrè owó ọkọ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán àti owó ilé ìtura. Láti Costain, ẹsẹ̀ lásán gbé ènìyàn dé Bàdíà.

Lọ́jọ́ kan, ó ń jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Onírẹ́sì tó ti ń bá rà láti ọdún méjì, ó ń fi fóònù pariwo Bàdíà, Bàdíà. Màmá náà dá ṣíbí dúró.

"Alákọ̀wé, ṣé Bàdíà tiwa náà lẹ ń wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó jinlẹ̀ díẹ̀."

"Ilé mi wà níbẹ̀. Yàrá méjì. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá wó o."

Bọ̀dá Másításì wo aago. Ó ní kí màmá má bínú, pé ìgbìmọ̀ kan wà ní yunifásítì tí kò tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí màmá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ka sí, kí òun tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Kò burú," ni màmá wí. "Ṣé kí n fi pọ̀nmọ́ sí i?"

Ó ní kó fi méjì sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá rí i ní Costain, ẹ bá mi sọ fún un pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni Ìyá Onírẹ́sì ń palẹ̀ mọ́, bẹ́ǹṣì sì wà nílẹ̀.