Àkísà Aago

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìsẹ́yìn ọmọ Ebedi ni mo máa ń rò pé òwe yìí ti jáde. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Ahunṣọ tó jókòó ti òfì láti àárọ̀ kùtù mọ̀ pé aṣọ kì í di àkísà lóòjọ́. Ẹtù tí bàbá wọ̀ ṣègbéyàwó, òun ló wọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí, òun ló dà bo ọmọ nígbà ọyẹ́, òun náà ni wọ́n wá ya ní etí, tí wọ́n fi ń nu kẹ̀kẹ́. Ọmọdé tó lówó lè ra ẹtù méje lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n fi ń nu kẹ̀kẹ́ ni kò ní rí rà.

Aago ọwọ́ ni mo fẹ́ fi òwe yìí wọ̀n. Ẹ bá mi dé òde ìnáwó kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ wá ọmọkùnrin tó ká apá agbádá rẹ̀ lọ́wọ́ òsì nìkan. Apá ọ̀tún wà nílẹ̀ bí télọ̀ ṣe rán an; apá òsì ló ká dé ìgbọ̀nwọ́, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí aago. Rolex ni. Owó rẹ̀, bó bá jẹ́ ojúlówó, lè ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ. Bó bá fẹ́ bọ̀ yín lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ló ń kọ́kọ́ yọ síwájú kó tó rántí pé àgbà lẹ jẹ́. Bó bá ń náwó fún onílù, ọwọ́ òsì náà ló fi ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ohun tí wọ́n ń na ọmọdé lé lórí nílẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ti di àṣà olówó.

Ẹ wá bi í pé, “Ọmọ mi, kí lo ń so kó o tó so èyí?” Ojú rẹ̀ á yí padà. “Dádì, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.”

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà kò le. Kò sẹ́ni tí Rolex jẹ́ aago àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé. Báírò ni. Ọ̀rẹ́ ẹni ló máa ń yà á síni lọ́rùn ọwọ́ nígbà tí tíṣà bá kọjú sí pátákó: ojú rẹ̀ roboto, ọwọ́ méjì, okùn tó ní ihò mẹ́ta. Kì í kú àfi bí ìyá ẹni bá gbé kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú dé. Lẹ́yìn ti báírò ni aago Iléyá, oníke pupa tàbí búlúù, èyí tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ awò ojú oníke. Ọwọ́ rẹ̀ kì í rìn, síbẹ̀ ẹni tó so ó kò ní yéé wò ó láti Yídì délé. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́wàá á pàdé lábẹ́ igi máńgòrò, aago mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á máa kà, ọ̀kan kò sì ní pe èkejì nírọ́.

Casio ló kọ́kọ́ bá wa sọ òótọ́. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, F-91W, 1989 ló jáde, wọ́n sì ṣì ń ṣe é títí dòní. Ike ni, okùn rẹ̀ náà ike ni. Ní wákàtí-wákàtí á dún pì-pì láàárín kíláàsì, tíṣà á sì na ọwọ́: “Mú un wá.” Bátìrì rẹ̀ ń lò tó ọdún 7. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ lóṣù. Àwọn tó ń ṣe Rolex náà jẹ́jẹ̀ẹ́ tiwọn: kò ní yẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ lójúmọ́. Ẹ kó o jọ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 60 ló fún wa. Bí a bá fi ẹ̀jẹ́ tí olúkúlùkù jẹ́ ṣe ìdájọ́, ike ọmọ iléèwé gún ju irin ọ̀gá lọ.

Kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Nínú Casio, òkúta kékeré kan ló ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná bátìrì ló ń gbọ̀n ọ́n. Nínú Rolex, sípíríìn ló ń tú díẹ̀díẹ̀, irin eléyín ń ti irin eléyín, bí wọ́n ti ń ṣe aago láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ọjọ́ Kérésìmesì 1969 ni Seiko ti ilẹ̀ Japan gbé aago ọwọ́ olókùúta àkọ́kọ́ wá sọ́jà, iye tí wọ́n sì dá lé e tó owó ọkọ̀ Toyota Corolla. Àbí ẹ ò rí ayé? Èyí tí wọ́n ń tà níyekíye lónìí ni aago olówó ìgbà náà. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀pọ̀, Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Rolex, sì kan ìdin nínú iyọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ aago tó tó bí 90,000 ní 1970 kò ju bí 30,000 lọ mọ́ nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ronú. Wọ́n rí i pé bí àwọn kò bá lè ta àkókò mọ́, àwọn ṣì lè ta ipò. Nígbà tí fóònù GSM sì wọ Nàìjíríà ní 2001, tí àkókò di ohun tí alágbàṣe oko ń gbé sápò ṣòkòtò, iṣẹ́ aago ọwọ́ tán pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni owó rẹ̀ wá gbéra. Lóde ìnáwó wa, ìwé ìpè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, aago kan ọ̀sán kọjá kí ọkọ ìyàwó tó dé, àádọ́ta mílíọ̀nù náírà aago sì wà lábẹ́ àtíbàbà tí kò sẹ́ni tó wò ó rárá.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tí àkísà wà. Agolo bisikíìtì kan ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá kan ní Ṣakí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá ṣí i, òórùn irin, ìpara àti òógùn ló ń kọ́kọ́ jáde. Seiko 5 ló wà lókè, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1963. Ojú rẹ̀ búlúù, gíláàsì rẹ̀ ti sán lápá kan. Owó Údójì ló fi rà á ní 1975, nígbà tí ìjọba Gowon fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Jerome Udoji, tí àjẹsílẹ̀ sì jáde gbọngbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ra Honda ra rédíò, ẹni tí kò ra rédíò ra aago. Seiko yìí kò ní bátìrì, jíju apá ẹni ló ń fún un lókun. Bàbá ní ìdí nìyẹn tóun fi máa ń fi ọwọ́ òsì na àwọn ọmọ Púráímárì Márùn-ún, kí aago má bàa dúró.

Abẹ́ rẹ̀ ni Ricoh kan wà tí kò lókùn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Ricoh ni èyí tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tí wúrà ara rẹ̀ bó ní ọdún kejì, tí funfun abẹ́ rẹ̀ yọ síta, tí Bàbá sì ń so ó lọ sí Jímọ̀ọ̀ fún ọdún mẹ́fà sí i, nítorí ó ní ibi tóun ti rà á kò bó. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Casio ike kan tó gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ kó dún nígbà ìṣirò. Ẹni tó ni ín ti di ọ̀gá ní Àbújá báyìí, kò tíì wá gbà á. Lórí ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, aago mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn: ọ̀kan ní àwòrán màmá kan tí wọ́n sin, ọ̀kan ní àwòrán olóṣèlú, ọ̀kan ní ti tọkọtaya tó ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ti òkú nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ò lè rí irú agolo bẹ́ẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni òwe àwọn baba wa fọkàn balẹ̀ sí. Ó ní kí ọmọdé máa láṣọ, kó máa fáàrí, àkísà ni a ó fi mọ ẹni tó ti pẹ́ láyé.

Ọjà ló wá ti òwe náà ṣubú. Ní oṣù kẹwàá 2017, ní New York, wọ́n lu gbàǹjo Rolex Daytona kan tí òṣèré Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, ti so gbó. Ìyàwó rẹ̀ ló rà á fún un, ó ní kí wọ́n fín in sẹ́yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Newman fi ta ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ ní 1984. Iye tí wọ́n tà á lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Àkísà ọwọ́ ẹlòmíràn! Láàárín àwọn tó ń kó aago jọ lókè òkun, bí oòrùn bá pa ojú aago dúdú títí tó fi pọ́n, wọn kì í bínú; orúkọ oyè ni wọ́n ń fún un, owó rẹ̀ a sì máa fò sókè. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni Òkè-Ògùn ń wá kiri? Oòrùn ọ̀dàn tó ń pa òrùlé páànù láti Ìsẹ́yìn dé Kìṣí ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún mọ́dún, awa ń pè é ní aago tó bàjẹ́.

Nígbà tí àkísà gidi kò tó tà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún ní tuntun. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń kun ọ̀dà tó pọ́n bí eyín arúgbó sórí aago tó jáde lánàá. Ní Íńdíà, wọ́n ń ṣa òkú Seiko 5 jọ, wọ́n ń tún ojú rẹ̀ kùn, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó ń san owó gọbọi kí jíìnsì wọn lè ya lórúnkún kúkú ti la ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀. Ọmọdé ti wá ní àkísà tó àgbà, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí aago wọn kò lè di àkísà láéláé. Ní 2019, EFCC lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ní àwọn bá nílé Diezani Alison-Madueke, mínísítà epo rọ̀bì nígbà kan rí. Wọ́n dá iye gbogbo rẹ̀ lé mílíọ̀nù 40 dọ́là. Aago ọwọ́ nìkan jẹ́ 189. Ẹni tó bá ní 189, tó ń so ọ̀kan lójúmọ́, oṣù mẹ́fà gbáko ni yóò gbà á kó tó tún kan àkọ́kọ́. Ìgbà wo ni irú aago bẹ́ẹ̀ fẹ́ sán? Ìgbà wo ló fẹ́ rí oòrùn?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọ̀gá kan tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gbè mí lẹ́yìn lórí ohun tí mo ń sọ. Tábìlì rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ oníṣáná lọ, awò kan ṣoṣo ló ń fi ojú ọ̀tún há. Ọmọkùnrin alágbádá wa mú Rolex wá fún un, ó ní ó ti dúró láti Alámìísì. Ọ̀gá yí i padà, ó ki ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdí rẹ̀, ìdérí ta. Bátìrì kékeré ló jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọmọkùnrin náà mójú kúrò.

“Ẹ máa dúpẹ́,” ni ọ̀gá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ayédèrú yìí a máa sọ òótọ́ ju gidi lọ. Ẹ mú owó bátìrì wá.”

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ Bàbá tíṣà dé láti Èkó, ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó kúnlẹ̀ ti agolo, ó gbé Seiko 5 sókè, ó fi ẹ̀hìn ọwọ́ nu gíláàsì tó sán.

“Bàbá Àgbà, ẹ tà á fún mi. Mo máa san igba ẹgbẹ̀rún.”

“Èyí tí kò ṣiṣẹ́?”

“Bó ṣe wà yẹn gan-an la fẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ o. Wọ́n máa bi mí pé níbo ni mo ti rí i, mo sì fẹ́ sọ pé ti bàbá wa ni.”

Bàbá ní òun kò tà. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ó dára, kí wọ́n yá òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkan. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó gbà. Ó ní òun yóò yá a, ṣùgbọ́n owó ni, wákàtí-wákàtí lòun yóò sì máa gbà á. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa fóònù Tecno rẹ̀ jáde. Ó ní ìyẹn ni yóò máa ka wákàtí náà, nítorí òun kò fọkàn tán aago tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà.