Bàbá Arsenal, Kóòṣì Tí London Ò Mọ̀

Kò sí àdúgbò ní Màídúgùri tí kò ní Bàbá Arsenal tirẹ̀. Ẹ lọ sí Gwange, ẹ lọ sí Bolori, ẹ yà sí Wulari tàbí Bulumkutu: ẹ ṣáà béèrè, wọ́n á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Níbòmíràn Bàbá Liverpool ni wọ́n ń pè é, tàbí Alájì Madrid, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Yorùbá ni. Bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò ní Bọ́rnò, bóyá Ìwó ni. Ó ṣáà wá, kò sì padà mọ́. Páàtì kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù ni ọmọ ń tà, iṣẹ́ tó lówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú náà lọ́dún 2011. Ó ń sọ Haúsá bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ó sì gbọ́ Kànúrí níwọ̀n tó tó láti ná ẹja Bágà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ṣì wà lára káàdì báńkì rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan náà ló kù sí.

Ẹ fi ìmúra dá a mọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, agbádá funfun àti fìlà Zanna Bukar ló ń wọ̀ lọ kírun, bó ṣe yẹ àgbà. Tó bá di Sátidé, jẹ́sì pupa kan tí oòrùn Bọ́rnò ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà ló máa wọ̀ jókòó ti ọjà, orúkọ Kanu á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Kanu ti kúrò ní Arsenal láti ọdún 2004. Kò tíì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Ọjọ́ tó gba ẹgbẹ́ yìí bí ẹni gba ẹ̀sìn kì í sú u sọ: ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ní pápá Chelsea. Chelsea ti gbá méjì wọlé, Arsenal ò ní nǹkan kan, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni Kanu bá fi mẹ́ta dá wọn lóhùn, 3-2. Bí ìtàn náà bá dé orí gólù kẹta, Bàbá Arsenal á dìde, á yí aṣọ́lé tí kò sí níbẹ̀ po, á dé ẹ̀bá ìlà, á wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá afẹ́fẹ́. Oníbàárà tó wá ra táyà á dúró títí bọ́ọ̀lù á fi wọlé.

Òun fúnra rẹ̀ ò gbá bọ́ọ̀lù rí. Ìyẹn ò ní kó má kọ́ àwọn tó ń gbá a. Arsène Wenger lo ọdún méjìlélógún gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì Arsenal, láti 1996 sí 2018. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí Bàbá Arsenal ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí London tó gbọ́. Nígbà tí Mikel Arteta gba ipò lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ó fún un ní oṣù mẹ́ta péré, ó sì ti ń fi oṣù mẹ́ta mẹ́ta kún un láti ìgbà náà. Ó mọ iye tí wọ́n ra Declan Rice, ó mọ ọdún tó kù nínú àdéhùn rẹ̀. Kíláàsì tí Rìdíwáànù ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé, ẹ bi ìyá ọmọ. Bukayo Saka ní tirẹ̀ ti di ìbátan: àwọn Yorùbá ló bí i sí London, Bàbá Arsenal sì ní ilé wọn àti ilé òun kò lè jìnnà síra. Nígbà tí iṣan itan Saka já lóṣù Kejìlá ọdún 2024, odidi ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun dáadáa, tó ń ṣàlàyé fún ẹni gbogbo bí iṣan náà ṣe rí nínú.

"Bàbá Rìdí," ni ìyàwó rẹ̀ sọ, "ẹ ò bá jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín náà wò ní ọsibítù."

Ó ní kí líìgì parí ná.

Ẹ má sì fẹ̀sùn tẹ́tẹ́ kàn án. Kì í ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, òun náà sì kọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ta á. Ohun tó kan Bàbá Arsenal níbẹ̀ ò ju pé kó yan ìdíje mẹ́jọ, kó kọ èsì wọn sórí páálí, kó fún ọmọ náà lówó, kó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá jẹ. Bí kò bá jẹ, á pe ọmọ náà jókòó, á wàásù fún un lórí ewu tẹ́tẹ́ títa.

Ààfin rẹ̀ ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, èyí tí gbogbo Màídúgùri ń pè ní gidan kallo. Páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ǹṣì pákó, tẹlifíṣọ̀n méjì, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń dá ariwo tirẹ̀ pa lẹ́yìnkùlé. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìdíje ọjọ́ náà sára pátákó dúdú, wọ́n á sì ti kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ Jámánì lọ́nà tó lè mú kí àwọn tó ni ẹgbẹ́ pe lọ́yà. Mai shayi kan wà níta tó ń da tíì láti ife dé ife. Lóṣù Kẹrin, tí ooru ìlú náà ń kọjá ogójì lórí òṣùwọ̀n, ẹni tó bá jókòó sínú páànù yẹn fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, òógùn rẹ̀ á tó fọ aṣọ. Bẹ́ǹṣì iwájú, lápá ọ̀tún, ni àyè Bàbá Arsenal. Bí àlejò bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀ tí Arsenal sì pàdánù, àlejò yẹn ló fà á, kì í ṣe aṣọ́lé.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Alájì Chelsea ń jókòó sí, ọkùnrin Kànúrí kan tó ń ta kílíṣí. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti bí ogún ọdún.

"Alájì, rẹfurí yín ti dé o." Bí Bàbá Arsenal ṣe ń kí i nìyẹn.

"Wàláhì, Bàbá, rẹfurí ò ṣe é gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gba Champions League, 2012 àti 2021. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwa gbá líìgì tán odindi, ẹnì kan ò nà wá. Ìdíje méjìdínlógójì! 2004!"

"2004? Ọmọ tí mo bí lọ́dún yẹn ti di bàbá ọmọ."

Àlejò tó bá gbọ́ ohùn wọn lásìkò yìí lè sáré lọ pe Búlámà, olórí àdúgbò, kó wá là wọ́n. Kó má ṣe wàhálà. Búlámà wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Manchester United ni tirẹ̀, òun gan-an ló sì ń dáná sí ìjà náà.

Ìyà tí ọkùnrin yìí ti jẹ lórí ẹgbẹ́ yìí tó kíkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Manchester United fi 8-2 na Arsenal. Búlámà ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sára ilé Bàbá Arsenal, kí àwọn onílẹ́tà lè máa rí i. Ní 2023, 2024 àti 2025, ipò kejì, ipò kejì, ipò kejì. Ẹlòmíràn á ti wábi gbà. Òun á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lẹ́yìn náà á mẹ́nu ba ọdún tó ń bọ̀, kò sì sí oníwàásù ní Bọ́rnò tó lè fi irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀run.

Ojú ìlú náà sì ti rí ohun tó yẹ kó mú ènìyàn gbàgbé bọ́ọ̀lù. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Bọ́rnò, wọ́n sì gé fóònù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kónílé-ó-gbélé bọ́ sí alẹ́, alẹ́ náà sì ni Champions League. Àwọn ará ilé rò pé ìró ìbọn ni kò jẹ́ kí Bàbá Arsenal sùn. Rédíò kékeré kan ló gbé ti etí, tó ń retí pé kí BBC Haúsá parí ìròyìn ogun kí wọ́n lè sọ ẹni tó gbá gólù. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùmọ̀mí fi àdó olóró wó òpó tó ń gbé iná wọ ìlú, òkùnkùn sì gba Màídúgùri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bàbá Arsenal jókòó, ó ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ títí di oṣù Karùn-ún tí líìgì yóò parí. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé fìríìjì ńkọ́. Ó ní ìyẹn ò sí lórí eré.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya, omi sì bo apá ńlá nínú ìlú. Ọ̀nì àti ejò ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi pàápàá bá omi jáde síta. Ìyá Rìdíwáànù pọn ọmọ kan, ó gbé ọ̀kan. Bàbá Arsenal gbé tẹlifíṣọ̀n lérí. Ó ní àwọn ọmọ kúkú lè lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, níbùdó tí wọ́n sá sí, nígbà tí àwọn ènìyàn ń tò de ìrẹsì, òun ń tọ àwọn ọ̀dọ́ tí iná kù nínú fóònù wọn kiri. Arsenal wà nílé Tottenham. Gabriel fi orí kan kọ́nà wọlé, 1-0. Bó ṣe lọgun tó, gbogbo ìlà tú ká. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ìrẹsì ló dé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bú u pé kò fẹ́ràn ìlú tó ń gbé, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Màídúgùri ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, El-Kanemi Warriors, tí wọ́n fi orúkọ al-Kanemi, baba ńlá àwọn Shehu Bọ́rnò òde òní, pè. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup Nàìjíríà lọ́dún 1991, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1992. Nígbà tí ogun le, ìlú onílùú bíi Kàtísínà ni wọ́n ti ń gbàlejò. Wọ́n ti padà sílé báyìí, owó kẹ̀kẹ́ dé pápá wọn ò sì tó owó tíì méjì. Bàbá Arsenal ò débẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní pápá El-Kanemi, ẹ̀yìn El-Kanemi ni gbogbo ènìyàn wà. Alájì Chelsea á wà níbẹ̀, Búlámà á wà níbẹ̀, mai shayi á wà níbẹ̀, gólù kan náà ni gbogbo wọn á sì hó lé lórí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ bára wọn sọ? Ẹ ti rí i nígbà tí Super Eagles fi pẹ́náritì na South Africa, 4-2, lọ́jọ́ keje oṣù Kejì ọdún 2024. Òun àti Alájì Chelsea dì mọ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n túra sílẹ̀ tán, ojú ti àwọn méjèèjì, wọ́n sì tètè lọ sùn. Nígbà tí Ghana gba ọ̀mì ní Abuja lóṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n sì fi gba ọ̀nà Ife Àgbáyé Qatar mọ́ wa lọ́wọ́, gbogbo gidan kallo ló jọ bara jẹ́, kò sì sẹ́ni tó kù tí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí Bàbá Arsenal ń rà. Iyàn ni. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú yẹn, owó ẹnu ọ̀nà lásán ni; ọjà gan-an ni ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Ó fi Arsenal ṣe tirẹ̀ nítorí pé Alájì ò lè gba Arsenal láéláé.

Mo ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ tó. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní Konduga, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Màídúgùri, àwọn agbésùmọ̀mí wá síbi tí àwọn èèyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù. Onílé ò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wọlé. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti fa bọ́ǹbù ara rẹ̀, àwọn méjì mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn ló kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ara ẹni wò kó tó wọ gidan kallo. Bàbá Arsenal á na ọwọ́ méjèèjì sókè fún ọmọ ẹ̀ṣọ́, kò sì ní dá ọ̀rọ̀ ófúsáìdì tó ń bá Alájì sọ bọ̀ dúró. Ìlú yìí ti rí àwọn tó gbà pé ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú àwọn kò yẹ láàyè. Bàbá Arsenal ò lè fara mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láé. Bí Alájì Chelsea bá pẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé, kì í lè jókòó. Á máa yọjú síta, á máa bi mai shayi bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, àwọn méjì yìí ló ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdánù ni yóò sanwó tíì ẹnì kejì. Ẹ bá mi wo ìwé gbèsè mai shayi: ojú ìwé Bàbá Arsenal nìkan ti tó mẹ́ta, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó ní òun ò ní san.