Àgbà Tó Ní Sùúrù Nídìí Pọ́kà

Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà; àgbà tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. N ò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí gbúròó Las Vegas rí, ṣùgbọ́n nídìí tábìlì pọ́kà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àbùlà: onísùúrù ló ń kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, títí kan owó ilé ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ wo ọkùnrin kan. Wọ́n pín káàdì fún un, ó fi àtàǹpàkò ká etí wọn sókè díẹ̀, ó rí éèsì méjì. Kò sí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 221 ló ń bọ́ síni lọ́wọ́. Ó ti gbogbo owó rẹ̀ sáàárín. Ẹni tó mú ọba méjì dá a lóhùn. Káàdì tó kẹ́yìn já sílẹ̀: ọba! Bí wọ́n bá ta irú èyí nígbà 100, ọba á borí tó bí ìgbà 18. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin wa ti pọ́n. Ó tún owó mìíràn yọ, ó ń fi káàdì tí kò ní láárí lé èyí tó ti lọ. Tilt ni àwọn atapọ́kà ń pe ìyẹn. Àwọn tó kù kò bá a kẹ́dùn o. Ṣe ni wọ́n rọra sún àga mọ́ tábìlì. Oúnjẹ dé.

Ìdí nìyí tí sùúrù fi di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Jared Tendler, tó ti ń gba àwọn agbágọ́ọ̀fù nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀, kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2011, The Mental Game of Poker. Àwọn atapọ́kà wá ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń dijú bí ẹni wà lórí òkè àdúrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni tó pàdánù owó ọkọ̀ láì pòṣé, kí ìyàwó rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù, ó ti jágbe. Sùúrù orí tábìlì ni tirẹ̀, kì í gbé e délé.

Atapọ́kà kan, Phil Hellmuth, ló fẹ́ ba òwe jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 24 ló wà tó fi gba ife-ẹ̀yẹ World Series of Poker ní 1989. Ariwo àti èébú ló mọ̀ lórí tábìlì, síbẹ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ olúborí 17 ló ti gbà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tó o. Kí la fẹ́ wí? Baba ìwà ni wọ́n pe sùúrù, wọn ò pè é ní baba owó.

Ibi tó wá dùn ni pé gbogbo àwọn atapọ́kà ti ka ìwé Tendler kan náà tán. Ẹni mẹ́sàn-án yí tábìlì ká, kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ta ni yóò wá jẹ ta? Bí wọ́n ṣe ń mí sínú, tí wọ́n ń mí síta, ni ẹni tó ń pín káàdì ń bu díẹ̀ nínú owó tí wọ́n dá jọ, tó ń tì í bọ ihò tóóró kan lára tábìlì. Ti ilé tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ilé tẹ́tẹ́ kì í di káàdì mú, kì í pàdánù, inú kì í bí i. Bí inú bá wá bí ẹ̀yin, yóò ní kí wọ́n gbé ọtí wá fún yín, lọ́fẹ̀ẹ́.