Ásíìdì, Akọni Tó Gba Òdo

Ẹ bá mi kí Ásíìdì o, abẹ̀rù-yẹ̀yẹ́! Wọn ò tíì pe orúkọ ẹ̀ tán tí olùkọ́ kẹ́mísírì fi ní kí gbogbo kíláàsì sún sẹ́yìn. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ aṣọ, ó tún ń wá awọ ara jẹ. Lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró kàn án báyìí, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Ṣùgbọ́n a mọ ilé ẹ, ọ̀gá. Inú ọsàn wẹ́wẹ́ lò ń gbé. Inú omi ògì lo sùn mọ́jú. Sørensen, ará Dẹ́nmáàkì, ló gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀ ní 1909. Lórí òṣùwọ̀n yìí, omi lásán gba 7, àwọn básì ń gun òkè lọ sí 14, ìwọ tóo le jù ńkọ́? Òdo! Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló gba òdo tó tún ń yan kiri ọgbà?

Ọjọ́ tó pàdé kọ́sítíìkì sódà àwọn olọ́ṣẹ ló dùn mọ́ mi jù. Òun náà, básì tí ń bó ni lára ni. Wọ́n wọ fláàsìkì kan náà, gbogbo wa sá. Fláàsìkì móoru díẹ̀, ó parí. Háídírójìn tí Ásíìdì fi ń halẹ̀ ti so mọ́ ọ́síjìn àti háídírójìn Básì, ó domi. Sódíọ̀mù ti Básì àti kílóríìnì ti Ásíìdì ọjọ́ náà tó kù di iyọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ o! Ẹni tó wá wòran ìjà, ó ku kó lọ wá ata àti ẹja. (Ẹ má tọ́ ọ wò ṣá; ẹnìkan kì í jẹun ní láàbù.)

Ẹ̀yin ọmọ ìdánwò WAEC, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ásíìdì máa kán láti inú búrẹ́ẹ̀tì sínú básì, tó, tó, tó, títí àwọ̀ yóò fi yí. Ẹ ṣí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbàyàù. Nígbà tó yá, ẹ yọjú wo ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ kọ 24.50 sílẹ̀, òun náà sì jí i wò lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Básì kò pariwo, ṣùgbọ́n aláriwo gan-an ni Kábọ́nétì tó ń gbé inú káún. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún ewédú kẹ́ẹ gbọ́ ariwo: ṣààà! Ó hó, ó ru, ó ń pe aládùúgbò. Kí ló bí? Iyọ̀, omi, àti káábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí síta láì pariwo. Kódà kò mọ̀wọ̀n ara ẹ̀: ẹ darí afẹ́fẹ́ náà sínú omi láìmù (ti kálísíọ̀mù, kì í ṣe ti ọsàn), omi yóò funfun. Kí ló sọ ọ́ di funfun? Kábọ́nétì ni! Wọ́n lé e jáde nílé káún, ó ti lọ kọ́lé tuntun sọ́dọ̀ kálísíọ̀mù. Ìgbín, ìwọ tí karawun ẹ jẹ́ kábọ́nétì láti òkè délẹ̀, má gba ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n da fínígà sí kọjá.

Bàbá kan ńkọ́, tó jẹ iyán alẹ́ nílé àna, tí ásíìdì inú wá ń ta á láyà? Ó gbé oògùn oníkábọ́nétì jẹ. Ásíìdì rọlẹ̀ lóòótọ́, afẹ́fẹ́ sì wá ọ̀nà àbájáde. Ó gùnfẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó, ilé mì tìtì. Wọ́n ní ṣé kò sí. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, sáyẹ́ǹsì ni.”