Orúkọ Ni Mo Fi Ra Ọta

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ orísun gbogbo ìtìjú tí mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bàbá mi àgbà, ọmọ a-fòru-ṣọ̀sán, ọmọ a-rẹ́fọ̀n-má-yẹsẹ̀, kì í ra ọta tí ẹlòmíràn dì: inú àdó ni ẹ̀tù rẹ̀ ń gbé, inú àpò awọ ni ọta òjé rẹ̀ ń sùn, bí ó bá sì ti ń fi ọ̀pá tẹ ẹ̀tù mọ́lẹ̀ nínú ṣakabùlà rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ọmọ ọdún méje kò fi lè sọ ìgbà tí ó ń ki ìbọn yàtọ̀ sí ìgbà tí ó ń ki Ògún. Nítorí náà, nígbà tí mo di ẹni ọdún 55 ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fàyè gba onílé láti di ọta ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́ mi ní iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Ìbọn ìléwọ́ Faransé kan ni mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Modèle 1935A, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge, ìbọn tí ó máa ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ìtàn ọta rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí ó jọ ìtàn àwa tí a fi ilé sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, John Pedersen, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ohun ìjà ìkọ̀kọ̀ kan tí a lè fi bọ inú ìbọn gígùn Springfield kí ó lè máa yin ọta kéékèèké 40 léra wọn; nǹkan bí 65,000 ni wọ́n rọ, ṣùgbọ́n ogun parí ní 1918 kí ọ̀kankan tó dé ojú ìjà, nígbà tí ó sì yá wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo rẹ̀ tán. Irú ọta tí ilé kọ̀ yìí ni Faransé gbà tọ́, tí wọ́n fún ní ìbọn tirẹ̀, kí àwọn náà tó yí sí ọta mílímítà 9 ní 1950. Ẹ wá wo ọmọ tí Amẹ́ríkà bí, tí Faransé tọ́, tí ó padà sí Amẹ́ríkà tí kò rí ẹni tí yóò pè é ní ọmọ! Kò sí lórí àtẹ kankan ní ìlú wa. Mo ní, “Èmi yóò jẹ́ bàbá rẹ.”

Orúkọ rẹ̀ ni 7.65, orúkọ ni mo sì mú lọ sọ́jà. Ẹni tí ó bá ti gbé nínú agbo ilé tí Òjó mẹ́ta ń gbé mọ̀ pé bí olówó èlé bá kàn dúró lójúde tí ó pariwo “Òjó!”, ẹni tí kò jẹ gbèsè ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí pé 7.65 ni ọta Browning ń jẹ́, 7.65 ni ti Luger ń jẹ́, 7.65 náà sì ni ti Faransé mi, tí wọ́n fi “Gígùn” ṣe àlàjẹ́ rẹ̀. Mo ra irin tí a fi ń da ọta, mo sanwó, mo dúpẹ́, mo gbé e relé. Òjó ti Browning ni mo pè jáde, n kò sì mọ̀.

Òjé tí àwọn oníṣẹ́ táyà ti tú kúrò lára ẹsẹ̀ mọ́tò ni mo kó jọ, mo fi tánńganran díẹ̀ sí i kí ó lè ṣàn dáadáa, mo sì gbé e kaná lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọta àkọ́kọ́ tí mo dà hunjọ bí ojú arúgbó, nítorí irin náà tutù, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó gbóná. Níbi tí mo ti ń ṣe ẹ̀rín músẹ́ sí wọn bí ìyá ìkókó ni ìyá àwọn ọmọ mi ti yọ.

“Bàbá Dúpẹ́,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù ju bí ó ti yẹ lọ, “ṣé ìkòkò ẹ̀gúsí mi nìyẹn?”

Ìkòkò ẹ̀gúsí rẹ̀ ni. Májèlé sì ni òjé. Ìkòkò tí ó bá ti gbà á lálejò kò tún padà sí ilé ìdáná mọ́. Ìkòkò tuntun méjì ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Kòròfo idẹ ni ó kàn. Nítorí n kò rí èyí tí a ṣe fún ìbọn náà rà, mo kó kòròfo .32 Long ti Smith & Wesson jọ, mo ń gé wọn kúrú, mo ń fi fáìlì irin rẹ́ etí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èékánná mi sì ń bá wọn lọ; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rí ogún péré. Nígbà tí ó wá kan ẹ̀tù, ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ sọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín àti èyí tí kò gbọdọ̀ lé, ṣùgbọ́n ojo tí ó pe ara rẹ̀ ní olóye ni mí: mo ní bí púpọ̀ bá léwu, díẹ̀ ni yóò sàn, mo sì bu ẹ̀tù bí ẹni tí ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ aláìsàn.

Ní pápá ìyìnbọn, ọta mẹ́fà àkọ́kọ́ sanra débi pé ìbọn kò lè pa ẹnu dé lé wọn. Mo fi ọwọ́ ti èkeje wọlé tipátipá. Mo yìn ín. Dípò kí ó dún gbàà, ó dún pọ́ọ̀, bí ẹni tí ó ń ṣí ìgò ọtí. Kòròfo kò sì fò jáde. Ọmọ ọdẹ fi ọwọ́ fa ẹ̀yìn ìbọn, ó ki òmíràn sí i, ó tún gbé e sókè. Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó òyìnbó kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, tí ó bi mí léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Ọta tí o yìn lẹ́ẹ̀kan, níbo ni ó gbà?” Mo wo pátákó: kò sí ihò kankan. A tú ìbọn náà, a yọ ọta tí ó wà nínú rẹ̀, a fi ọ̀pá igi wo inú ihò ìbọn, àṣé èkeje wà níbẹ̀, ó jókòó bí àna tí wọn kò tíì fún lóúnjẹ. Bí mo bá ti yin èkejọ lé e lórí ni, ìbọn náà ìbá fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Bàbá náà fi ọ̀pá igi àti òòlù kékeré rọra lù ú jáde, ó nu òjé náà, ó fi irin ìwọ̀n rẹ̀ gbá a mú, ó sì fi hàn mí: 0.309 íǹṣì. 0.312 ni èmi dà. Ó ní kí ènìyàn tó ra ohunkóhun fún ìbọn àtijọ́, òjé rírọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tì gba ihò rẹ̀ kọjá, kí ìbọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti fẹ̀ tó. “Ìwọ náà ti ṣe é,” ni ó wí, “o kàn fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ni.”

Mo ra irin mìíràn, mo bu ẹ̀tù bí ìwé ti wí, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn náà ìbọn Faransé sọ̀rọ̀: gbàà, ó ki ara rẹ̀, gbàà, ó tún ki ara rẹ̀. Bí ó sì ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń da kòròfo mi sínú koríko, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọlọ́jà tí ń da èèpo nù.

Lórí eékún ni mo wà, tí mo ń fọwọ́ tú koríko bí ẹni tí ń ṣa ìgbín, nígbà tí bàbá mi àgbà padà wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ nínú ihò ṣakabùlà. Mo tún rí ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí n kò kà sí nígbà náà: ó ń to ìka lé ara wọn lórí apá ọ̀pá tí ó yọ síta, láti mọ bí ohun tí ó wà nínú ìbọn ti pọ̀ tó. Ìdajì ohun tí mo rò pé ó fi ń ki Ògún, òǹkà ni.