Kábíyèsí Most Wanted, Ọba Ọ̀nà Tí Kò Ní Kòtò

Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í kọrin láìkọ́kọ́ júbà, ìlú tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ni Ọ̀tà Ìganmọdẹ. Mo júbà ná. Mo júbà ọ̀gá onígéèmù wa ní Àtàn-Ọ̀tà, tó ń ka ìṣẹ́jú lé wa lórí bí ẹni ń ka owó èlé. Mo júbà jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo júbà páàdì tí àtàǹpàkò ogún ọmọ ti họ bọ́tìnnì rẹ̀ dànù. Kí ìbà mi ó ṣẹ.

Need for Speed: Most Wanted, ọmọ ọdún 2005,
ọmọ Black Box ní Kánádà, tó gun PlayStation 2 wọ Àtàn láìsan owó ibodè.
Ọba Rockport, ọba ìlú tí kò ní ará ìlú!
A-sáré-bí-ìjì-má-gbẹ̀mí-ẹnìkan,
A-kọlu-tírélà-tún-padà-sọ́nà.
Òru kì í ṣú láàfin rẹ, epo kì í tán nínú táńkì rẹ.

Ìlú tí kò ní ará ìlú, mo tún un wí. Mo ti yí Rockport ká títí, n kò rí ẹni kan ṣoṣo tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kò sí ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì, kò sí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá. Ilé epo wà o, ṣùgbọ́n wọn kì í ta epo níbẹ̀. Ńṣe lèèyàn ń fi mọ́tò gbá òpó rẹ̀, kí òrùlé lè wó lé ọlọ́pàá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa tí a ti tò sídìí pọ́ǹpù láti ìdájí rí, irú èrò yẹn kò ṣàjèjì sí wa.

O tún ní eré kan, Kábíyèsí, tó jẹ́ pé láti ibodè owó kan dé òmíràn là ń sá, tí aago ń lé wa. Ní Sango tiwa, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù lásán ni Tóògéètì kù sí, nítorí ìjọba Obasanjo, àgbẹ̀ Ọ̀tà fúnra rẹ̀, ti fagi lé owó ibodè láti 2004. Owó lọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibẹ̀ dé Àtàn lójú ayé á gba abẹ́ bíríìjì, á gba Joju, á gba Ojú-Ọrẹ àti Ìyànà-Ìyèsí, á kọjá níwájú Canaanland, gíà kejì ni yóò sì fi gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ, mo dé gíà kẹfà. Èmi ọmọ Àtàn, mo fojú mi rí gíà kẹfà! Igba kìlómítà láàárín wákàtí kan, ọ̀kadà kankan kò já lù mí. Bọ́tìnnì kan sì wà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé á máa fà tìẹ̀tìẹ̀ títí n ó fi yí kọ́nà tán. Ó wù mí kí awakọ̀ kórópe ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí tírélà Agbárá bá yà sí i lójijì. Bí mo bá sì kọlu nǹkan pàápàá, gíláàsì á sán, ọ̀dà á họ díẹ̀, ó parí. Ebi ìbá pa panẹbítà kú ní Rockport.

Ìtàn rẹ náà dùn. Razor, asáré kan ní Rockport, ba mọ́tò àlejò tó dúró fún wa jẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó fi gba BMW M3 GTR lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi mọ́tò olówó yẹn di ẹni kìíní nínú àwọn asáré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ará Ọ̀tà wo ni ò mọ Razor? Ajagungbalẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin lé wọn lórí ní 2016, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó mú ti Rockport. Àfi kí olóhun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Golf ni mo mú. Lamborghini ṣì wà lókèèrè, Golf sì ni ojúlùmọ̀ tí à ń rí tó ń ti Kútọnu gba Ìdìròkò wọlé, kí ìjọba tó ní kí tòkunbọ̀ má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ ní 2017.

Wàyí o, jẹ́ kí n ki ibi tó ń dùn mí.

Ọba onírọ́bà! A-fi-ọ̀tá-sókùn-má-jẹ̀ẹ́-kó-jìnnà!
Mo fi ọ̀tá sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìyèsí, mo bá a ní ìdí mi ní Àtàn.

Mo lè sáré láìfarakan ògiri, kí n yí kọ́nà mẹ́wàá bí omi. Èmi àti ọ̀tá á jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò ní rí àmì rẹ̀ mọ́. Ó ku díẹ̀ kí n parí, mo ṣàṣìṣe ẹyọ kan, fẹ́ẹ́, ó ti kọjá! Níbo ló gbà? Agbára wo ló wà nínú mọ́tò rẹ̀ tí kò sí nínú tèmi? Kò sí. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ́ nìyẹn: bí mo bá ṣíwájú, o ń tì í lẹ́yìn, bí mo bá ṣubú, o ń dá a dúró dè mí. Wọ́n ní kí eré má baà sú ni. N kò jiyàn, kò sú mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo borí ńkọ́? Ṣé èmi ni mo borí, àbí ìwọ lo jọ̀wọ́ rẹ̀? Ìṣẹ́gun tí ń ṣeni bí ọrẹ, kò rọrùn láti yangàn fún ọmọ àdúgbò.

Kì í tún ṣe gbogbo ìgbà lo ń jẹ́ ká sáré. Kí n tó lè pe ẹni tó kàn níjà, o ní kí n lọ kó ọlọ́pàá sẹ́yìn, kí n fọ́ mọ́tò wọn níye báyìí, kí n sá fún ìṣẹ́jú báyìí, bí ẹni ń wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì. Sergeant Cross ń lé mi tòun ti hẹlikọ́pítà àti ìṣó lójú títì, kò sì fìgbà kan sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ wo ti wa." Ohun tó jọ àlá jù lọ nínú rẹ nìyẹn.

Síbẹ̀ mo fara dà á. Mo gun òkè láti ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún dé ẹni kejì, ó ku Razor nìkan, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú mẹ́móríì káàdì mẹ́gábáìtì mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Sátidé mo dé, mo sanwó, mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Káàdì mọ́. Ọmọ kan ti pa fáìlì mi rẹ́ kí líìgì bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè ríbi jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹni tó ni ín ti dàgbà ni."

Kábíyèsí o! Golf náà ni mo tún mú.