Kó Tó Gùn Ún, Kó Ra Fèrè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ ibí kí n má baà pariwo. Mo mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ti gbára dì tipẹ́. Ọ̀rọ̀ alùpùpù Bàbá Onísípíà ni. Ẹ má wo "Bàbá" tí mò ń pè é o, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ìpè ọjà ni. Ará Ẹ̀jìgbò ni, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lẹ́bàá títì ní Port-Bouët wa níbí, ní Abidjan. Ẹ sì mọ àwọn ará Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú Abidjan. Nílé wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n ń ná owó sẹ́fà lọ́jà, ọmọ kékeré á sì fi Faransé kí ọ káàárọ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra níbẹ̀ á la Kútọnu, Lomé àti Àkírà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ibodè mẹ́rin gbáko. Aṣọ́bodè tí kò bá tíì jẹ owó ará Ẹ̀jìgbò, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀ẹ̀n, alùpùpù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Onísípíà fi ọmọlanke gbé nǹkan ńlá kan wọlé, ó fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ti ń bèèrè fìríìjì láti ìgbà ààwẹ̀. Ó rí tapólì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ti ń kí ọkọ rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ó ti pe tàntí tó ń ta omi tútù pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó. Wọ́n ṣí tapólì. Irin ni, ìpẹtà ló wọ̀ láṣọ. Kò níná, kò ní dígí, kò ní fèrè, ìjókòó rẹ̀ ti ya. Ìyá Ìbejì wo irin, ó wo ọkọ, ó wọlé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gàrí gbígbẹ ni wọ́n jẹ. Èmi ò yọjú o. Ojú fèrèsé mi ló kọ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ẹni tó bá bá wa gbé Port-Bouët á mọ̀ pé orí irin kò sunwọ̀n níbí. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, àwa wà láàárín, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń fẹ́ tọ̀sántòru. Páánù tuntun kì í pẹ́ di aláwọ̀ pupa. Ìdè ilẹ̀kùn á jẹrà kí ọmọ tó tó ilé ìwé. Kí wọ́n tó ṣí odò Vridi tí wọ́n gbẹ́ wọ ọ̀sà ní 1950, àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kì í lè wọ inú ọ̀sà. Ojú òkun ni wọ́n ń dúró sí, tí ẹrù fi ń gba orí wharf, ìyẹn afárá tó wọ inú òkun, gòkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àdúgbò kan ní Derrière Wharf, ìyẹn Ẹ̀yìn Wharf, títí dòní. Wharf ti lọ, iyọ̀ ò lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé alùpùpù tó ti dàgbà wá sí etíkun yìí, iyọ̀ ló bá wá oúnjẹ.

Kó tó di àárọ̀ Sátidé, agbo ilé ti bá alùpùpù náà wá ìtàn. Ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fọwọ́ nu táńkì, ó ní, "Tọ́ńtọ́n, Yamaha XT500 nìyí o!" Ó nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ipasẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ alùpùpù eré ìje sì yọ lábẹ́ ọ̀dà. Inú mi dùn, nítorí ọ̀rọ̀ dé. Kó tó di ọ̀sán, ará ilé kejì ti ń búra pé alùpùpù Thierry Sabine, ẹni tó dá eré ìje Paris-Dakar sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ni.

Irọ́ ni, mo sì lè ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ irọ́, nítorí ọkọ mi olóògbé fẹ́ràn eré ìje ju ọbẹ̀ lọ. Ní ìparí ọdún 1975, Faransé kan tó ń jẹ́ Jean-Claude Bertrand dá eré ìje Abidjan-Nice sílẹ̀: kí èèyàn gbéra ní etíkun tiwa, kó la aṣálẹ̀ kọjá, kó yọ sí etíkun ilẹ̀ Faransé. Bertrand yìí kan náà ló ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ Bandama ní Côte d'Ivoire. Ní 1972, ọ̀nà Bandama le débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n dá. Ẹ gbọ́ o: gbogbo wọn ló pàdánù! Ọkọ mi máa ń rẹ́rìn-ín ìyẹn títí ikọ́ á fi mú un.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1977, Sabine gun XT500 nínú eré Abidjan-Nice yìí, ó sì ṣìnà ní aṣálẹ̀ Líbíyà. Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí wọ́n tó rí i. Kàkà kó padà sílé kó jókòó, ó ní òun náà á dá eré ìje tòun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Trocadéro ní Paris, wọ́n dorí kọ Dakar. Mẹ́rìnléláàádọ́rin péré ló débẹ̀. Cyril Neveu ló gbégbá orókè, XT500 ló sì gùn. Ó tún gbé e ní 1980. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ Paris-Dakar, ẹ rántí pé láti Abidjan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣìnà lọ síbẹ̀.

Sabine kú nínú ìjàǹbá hẹlikọ́pítà ní Mali ní Oṣù Kìn-ín-ní 1986, òun àti olórin Daniel Balavoine. Kò fi alùpùpù kankan sílẹ̀ fún Bàbá Onísípíà láti jogún. Ti agbo ilé wa yìí, ẹnì kan ló fi ń sáré lórí iyanrìn láyé àtijọ́, tó pa á tì sẹ́yìn ọgbà, tí iyọ̀ sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn fún ará ilé kejì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì XT500 rọrùn láti tú: sìlíńdà kan ṣoṣo, písítìnì ńlá kan, 499 cc. Wọ́n tú kabúrétọ̀, epo àtijọ́ ti gan mọ́ ọn nínú. Wọ́n tú rọ́bà, ó fọ́ lọ́wọ́ wọn. Sípókì táyà ẹ̀yìn já bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án. Tàntí omi tútù ní kí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ohun gbogbo. Lóòótọ́ ló bó ìpẹtà kúrò lára irin, ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé táńkì, nítorí álúmíníọ́mù ni táńkì, ọsàn á sì jẹ ẹ́. Ó bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ ìmọ̀ràn kó má mu omi òun.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ iṣẹ́ wá ibi tí ọ́ìlì wà títí, kò rí i. Ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó yípo. Àṣé inú irin férémù gan-an ni àwọn ará Japan fi í sí! Páìpù tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró náà ló ń gbé ọ́ìlì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á gun alùpùpù títí ọ́ìlì á fi gbẹ, ẹ́ńjìnnì á sì gan pa.

Ó wá ku kíìkì. XT500 ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ náà sì ní ìlànà. Ọwọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kíléṣì tí wọ́n ń fà kí atẹ́gùn inú sìlíńdà lè tú jáde. Ihò kékeré onídígí kan wà lórí ẹ́ńjìnnì. Bí àmì bá yọ níbẹ̀, písítìnì ti wà níbi tó yẹ, ìgbà yẹn ni wàá tó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Bí o bá kánjú, yóò ta ẹsẹ̀ rẹ padà, ẹlòmíràn sì ti ti ibẹ̀ dèrò oníṣègùn eegun. Bàbá Onísípíà ní òun ò nílò ihò kankan, òun ti ń ta sípíà kí wọ́n tó bí ihò náà. Ó gbá kíìkì. Kíìkì gbá a padà. Sálúbàtà fò láti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba òkè okùn tí a ń sáṣọ sí, ó sì balẹ̀ sínú abọ́ àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, ti ìyá tó ń tà á lẹ́nu géètì. Gbogbo abọ́ náà ni Bàbá Onísípíà rà. Ìyá Ìbejì kò gbà kí àtíẹ́kẹ́ náà wọlé. Ọmọ iṣẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ àtíẹ́kẹ́ títí inú fi run wọ́n.

Nígbà tó yá, ó fara balẹ̀, ó wo inú ihò, ó sì gbá a. Alùpùpù jí! Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo wo nìyẹn! A wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Félix Houphouët-Boigny, ọkọ̀ òfuurufú ń gba orí wa kọjá, a ò sì ń bú u. Ṣùgbọ́n alùpùpù yìí kò ní sàlẹ́ńsà, páìpù lásán ni, aago márùn-ún ìdájí sì ni. Àwọn ìbejì bú sẹ́kún, ewúrẹ́ onílé já okùn. Onílé fúnra rẹ̀ yọ jáde pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan.

Ìpàdé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí. Bàbá Onísípíà ní bí wọ́n ṣe ń sáré rẹ̀ nìyẹn, bí òun bá fi sàlẹ́ńsà, iná, dígí àti fèrè sí i, òun ti bu alùpùpù eré ìje kù. Onílé ń mi orí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ ọ́ létí. Ìyá Ìbejì wá dìde. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, ó ní: "Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá fẹ́ sáré, ẹ lọ sí Líbíyà. Bí ẹ bá fẹ́ gba iwájú ilé wa kọjá, ẹ lọ ra fèrè."

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti àárọ̀ nìyí. Gbogbo ohun tí eré ìje ń bọ́ dànù nítorí ìwúwo ni àwa ará àdúgbò nílò. Ẹni tó ń sáré ní aṣálẹ̀ kò ní aládùúgbò, kò sẹ́ni tí yóò fọn fèrè fún. Títì Gonzagueville ládùúgbò wa kún fún ọmọ ilé ìwé, alágbàtà ẹja, ọlọ́mọlanke àti gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bíréèkì. Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù eré ìje lójú títì gbọ́dọ̀ dá ohun tí eré bọ́ lára rẹ̀ padà fún un, ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹ́ńjìnnì tó jí kò tíì tó nǹkan.

Bàbá Onísípíà gbà, ó ra fèrè àti sàlẹ́ńsà. Iná XT500 àtijọ́, fóltì mẹ́fà ni, kò lè fi ihò ojú títì han ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáká pàápàá. Oníwáyà sọ ọ́ di fóltì méjìlá. Wọ́n fi tiráfíkétọ̀ sí i, dígí méjì, iná pupa ẹ̀yìn tó ń tàn bó bá tẹ bíréèkì. Wọ́n yọ táyà eléyín gbọọrọ tó wà fún iyanrìn, nítorí ó ń yọ̀ lórí kọtá tí òjò bá rọ̀. Bàtà bíréèkì ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí ìlù ni bíréèkì rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, bí bàtà inú rẹ̀ bá sì ti gbẹ, gbígbàdúrà ló kù.

Ìwé wá kù. Bàbá Onísípíà ti ń yan kiri pé TT500 ni tòun, ẹ̀yà tí Yamaha ṣe láìníná rárá fún eré nìkan, torí ó rò pé ìyẹn ló gbayì jù. Ẹni tó ń bá a ṣe ìwé bi í pé, "Pápá, ṣé ó wù yín kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ṣe é fún títì?" Ojú ẹsẹ̀ ló rántí pé XT ni! Wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lára férémù, XT ni lóòótọ́. Ó wá ní kàtígírì, ìyẹn ìwé ọkọ̀, lórúkọ ara rẹ̀, àsìráǹsì àti nọ́ńbà ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó jáde, ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Grand-Bassam ló gbà, kò gba títì márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2015. Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn, àṣíborí wà lórí àwọn méjèèjì. Gbàkà kọjá lára wọn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì na ọwọ́ sí wọn pé, "Vieux père, c'est doux!", ìyẹn ni pé, Bàbá, ó dùn o. Bí wọ́n ṣe padà dé, ó bu omi ìgò fọ iyọ̀ kúrò lára gbogbo irin kí ó tó wẹ ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò tíì rí fìríìjì rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ti ń dá ọjọ́ ìrìn àjò Bassam tó kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù eré ìje àtijọ́ sẹ́yìn ilé, ẹ má ta á fún ẹni tó ń ra àlòkù irin. Ẹ wá ìwé rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtù kan, nítorí ẹ̀rọ tí kò níwèé kò níwájú. Bíréèkì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iná àti sàlẹ́ńsà, kí ẹ́ńjìnnì wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.